Bí Ilẹ̀kùn Òwò Bá Tì: Ìtàn Ọjà Wa Láti Gánà Dé Nìjẹ́ẹ̀, àti Iṣẹ́ tó Wà Lọ́rùn Káńsù

   

Àṣà wa ni pé nínú ìwé àjọ̀dún, a máa ń kọ ìtàn díẹ̀ kí àwọn ọmọ lè mọ ibi tí a ti ń bọ̀. Lọ́dún yìí, ìtàn òwò ni a mú, nítorí ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ lórí rédíò tí a sì gbójú kúrò níbẹ̀. Ní ọjọ́ 29, oṣù kìíní, ọdún 2025, orílẹ̀-èdè mẹ́ta jáde kúrò nínú àjọ ECOWAS. Àwọn náà ni Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà ni, kí ló kàn wá ní Ilémọ̀nà?" Ó kàn wá. Ẹ̀wà tí à ń wọn, àlùbọ́sà tí à ń tò sórí àtẹ, àgbò tí àwọn ọkọ wa ń rà fún Iléyá, apá kan nínú wọn ń ti òdìkejì bódà wá. Ohun tó bá ojú ló bá imú.

Àwọn àgbà ní ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ohun tí a fẹ́ kọ sílẹ̀ níhìn-ín ni iye ìgbà tí ilẹ̀kùn òwò ti tì mọ́ àwọn ọlọ́jà lójú, bí ó ṣe bá wọn, àti ohun tí a gbà pé ó tọ́ kí káńsù wa múra sílẹ̀ kí ó tó tún tì. Kì í ṣe láti bú ẹnikẹ́ni o. Ìtàn ni.

ÀWỌN ÌYÁ ÀTI BÀBÁ WA NÍ GÁNÀ

Réèlùwéè dé Ọ̀fà ní ọdún 1908. Kí ọdún 1912 tó parí, ọkọ̀ ojú irin ti ń ti Èkó dé Kánò. Ẹni tó bá mọ ibùdókọ̀ Ọ̀fà láyé àtijọ́ mọ̀ pé ibẹ̀ ni òkìkí ànàmọ́ Ọ̀fà ti kàn, tí àwọn ìyá ń gbé igbá rẹ̀ bá èrò lójú fèrèsé ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà Kánò nìkan ni àwọn ènìyàn wa tọ̀. Láti Ọ̀fà, Ìlọrin, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìníṣà, Ṣakí àti Ìgbòho, wọ́n forí lé ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Wọ́n dé Àkrà, wọ́n dé Kúmásí, wọ́n dé Támálè lókè lọ́hùn-ún. Àwọn ará Èjìgbò ní tiwọn yà sí Àbíjáǹ ní Ivory Coast. Àwọn ará Gánà sọ wá ní Alátà. Kò sí ọjà ńlá ibẹ̀ tí ẹ ò ti ní rí Alátà tó jókòó ti aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abọ́ àti wóróbo.

Nígbà yẹn, àti Nàìjíríà àti Gánà, abẹ́ òyìnbó kan náà ni gbogbo wa wà, kò sì sí ẹni tó ń bi ọlọ́jà léèrè ìwé púpọ̀. Àwọn kan bí ọmọ sí ibẹ̀, ọmọ bí ọmọ. Wọ́n ń fi owó kọ́lé sílé, ṣùgbọ́n owó òwò fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ló wà, nínú ọjà àti lọ́wọ́ àwọn oníbàárà tó ń ra àwìn.

Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Dókítà Busia ní Gánà kéde pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú, ọ̀sẹ̀ méjì péré ló ní láti gba ìwé náà tàbí kí ó kó kúrò. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ bá wa rò ó. Ta ni nínú wa tó lè gba àwìn rẹ̀ tán láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹni tó jẹ yín ní gbèsè tó sì ti mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ẹ ò sí nílùú mọ́, ṣé yóò sanwó? Àwọn ènìyàn ta ọjà ní ọ̀pọ̀kúyọ̀kú. Wọ́n ta ẹ̀rọ ìránṣọ, wọ́n ta kẹ̀kẹ́, wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún ẹni tí wọn ò mọ̀ bóyá yóò rántí wọn. Òfin ìlú náà kò sì jẹ́ kí ènìyàn kó owó jáde bó ṣe wù ú. Nàìjíríà tí wọ́n ń bọ̀ wá sí náà kò rójú, ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, kò sì parí títí di oṣù kìíní ọdún 1970.

Ní ìlú wa àti àwọn ìlú tó yí wa ká, ẹ ó rí ìdílé tí wọ́n ń pè ní "ará Gánà" títí dòní, tí ìyá àgbà wọn ń sọ Twi bí ẹni mumi. Ìtàn yìí ló wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún àwa ọlọ́jà ni pé àwọn tó padà wá yẹn, iṣẹ́ wọn dára, ara wọn le, wọ́n mọ òwò ju ọ̀pọ̀ lọ. Ohun tó pa wọ́n lára ni pé ohun gbogbo wà lójú kan, wọn ò ní ìwé, kò sì sí ọ́fíìsì kankan, nílé tàbí lókèèrè, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti kìlọ̀ fún wọn tẹ́lẹ̀.

BÍ WỌ́N ṢE DÁ ECOWAS SÍLẸ̀

Kò ju ọdún márùn-ún àti oṣù díẹ̀ lọ lẹ́yìn náà tí ECOWAS fi dé. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Ọ̀gágun Eyadéma ti Tógò ló ṣe aápọn rẹ̀ jù. Ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975, orílẹ̀-èdè 15 fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní Èkó. Oṣù méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ náà dúró. Cape Verde wọlé lẹ́yìn náà, wọ́n di 16.

Ohun tó kan ọlọ́jà nínú àdéhùn náà, méjì ni. Èkíní, ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 1979, wọ́n fọwọ́ sí i ní Dákà pé ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS kan lè wọ òmíràn kí ó sì lo àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà, bí ó bá ṣáà ti ní ìwé ìrìnnà tó pé àti ìwé àjẹsára. Èkejì, wọ́n ní ohun tí a bá kórè lóko, ẹran ọ̀sìn, àti iṣẹ́ ọwọ́, tó bá jẹ́ ti orílẹ̀-èdè ọmọ àjọ, kò ní san owó bodè láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ̀wà wà níbẹ̀, àlùbọ́sà wà níbẹ̀, àgbò wà níbẹ̀, òrí wà níbẹ̀, ẹní àti ìkòkò wà níbẹ̀. Òfin ìwé nìyẹn. Ẹni tó bá ti bá tírélà rìn mọ̀ pé ohun tí òfin sọ àti ohun tí ẹni tó dúró sójú ọ̀nà ń sọ lè yàtọ̀. Síbẹ̀, ó sàn kí òfin wà lẹ́yìn ẹni ju kí ó má sí lọ.

Ẹ má sì rò pé àwọn mẹ́ta yìí ni yóò kọ́kọ́ jáde. Mauritania ti jáde ní ọdún 2000. Ṣùgbọ́n ọjà Mauritania jìnnà sí Ọ̀fà. Ti Nìjẹ́ẹ̀ kò jìnnà.

ÀDÉHÙN KÒ NÍ KÍ ILẸ̀KÙN MÁ TÌ

Ìgbà ò lọ bí òréré. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn àdéhùn Dákà, Nàìjíríà tiwa, tó jẹ́ ìyá àjọ náà, ló lé àlejò. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari fún àwọn àjèjì tí kò níwèé ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ kíyè sí i, ọ̀sẹ̀ méjì kan náà tí Gánà fún wa ni. Nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì ènìyàn ló kàn, tí ó tó ìdajì wọn jẹ́ ará Gánà. Báàgì onílà tí wọ́n fi kó ẹrù ni a ṣì ń tà ní ṣọ́ọ̀bù wa títí dòní, tí orúkọ burúkú ọjọ́ yẹn kò kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun ti bódà nítorí pípààrọ̀ owó náírà, kò sì ṣí títí di ọdún 1986.

Èyí tí àwọn ọmọ wa náà rántí ni ti ọjọ́ 20, oṣù kẹjọ, ọdún 2019. Ìjọba àpapọ̀ ti gbogbo bódà orí ilẹ̀ nítorí ìrẹsì àti àwọn ọjà fàyàwọ́ mìíràn. Ó di ọjọ́ 16, oṣù kejìlá, ọdún 2020 kí wọ́n tó kéde pé àwọn yóò ṣí mẹ́rin: Sẹ̀mẹ̀, Illela, Maigatari àti Mfum. Ìpínlẹ̀ Kwara tiwa náà ní ẹnu bodè, ní Chikanda ní ìjọba ìbílẹ̀ Baruten, tó wọ Bẹ̀nẹ̀. Àwọn òwò tó ń gba ibẹ̀ dúró. Nígbà yẹn, ẹni tó ń ta ìrẹsì nínú wa mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, ẹni tó sì ń ta ti ilé, bíi ti Pàtígi, rí ọjà tà. Bí ilẹ̀kùn bá tì, ẹnìkan a máa sunkún, ẹlòmíràn a máa rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń wà lápá ẹ̀rín.

Lẹ́yìn náà ni ti ọdún 2023. Ní ọjọ́ 26, oṣù keje, àwọn ṣọ́jà gba ìjọba ní Nìjẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 30, ECOWAS fi ìyà jẹ Nìjẹ́ẹ̀: wọ́n ní kí a ti bódà, kí a dá òwò dúró. Nàìjíríà tún gé iná mànàmáná tí à ń fún wọn. Bódà àwa àti Nìjẹ́ẹ̀ gùn ju kìlómítà 1,500 lọ. Ìpínlẹ̀ méje ló bá a pààlà: Sokoto, Kebbi, Zamfara, Katsina, Jigawa, Yobe àti Borno. Ojú kan ni gbogbo rẹ̀ tì. Lápá Bẹ̀nẹ̀, ní Malanville, ọkọ̀ ńláńlá tò sójú ọ̀nà lọ́pọ̀lọpọ̀, oúnjẹ ń bàjẹ́ nínú wọn. Ẹni tó ń ta àlùbọ́sà kò nílò kí a ṣàlàyé ohun tí ọ̀sẹ̀ kan nínú oòrùn ń ṣe fún àpò àlùbọ́sà. Ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 2024, ECOWAS gbé ìyà náà kúrò, Nàìjíríà sì pàṣẹ kí wọ́n ṣí bódà ní ọjọ́ 13, oṣù kẹta. Ṣùgbọ́n inú ti bàjẹ́.

BÍ ÀWỌN MẸ́TA ṢE JÁDE

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, Málì, Bùrkínà Fasò àti Nìjẹ́ẹ̀ ti bá ara wọn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ń pè ní AES. Ní ọjọ́ 28, oṣù kìíní, ọdún 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde lọ́jọ́ kan náà pé àwọn ti jáde kúrò nínú ECOWAS. Òfin àjọ náà ní ẹni tó bá fẹ́ jáde gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìkìlọ̀ ọdún kan. Ìdí nìyí tí ó fi di oṣù kìíní ọdún 2025. Oṣù mẹ́rin péré ló kù kí ECOWAS pé àádọ́ta ọdún. Ó ṣẹ́ku orílẹ̀-èdè 12.

Ọjọ́ tí wọ́n jáde gan-an, ECOWAS sọ pé kí gbogbo wa ṣì máa gba ìwé ìrìnnà wọn tó ní àmì ECOWAS, kí ọjà wọn ṣì máa wọlé gẹ́gẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, títí wọn yóò fi jọ jókòó sọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò fi mọ̀ pé ohunkóhun yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka ohun tó ti yí padà síta, kí ó yé wa.

Àwọn mẹ́ta náà ti ní páṣípọ́ọ̀tù tiwọn. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, wọ́n fi owó orí lé ọjà tó bá ń ti ìta wọ ilẹ̀ wọn, tiwa náà wà níbẹ̀: ìdajì náírà nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn náírà márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún kan. Ó dà bí ẹni pé ó kéré. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀ lórí ẹrù tírélà kan, ẹ ó rí i. Ohun tó wà nínú rẹ̀ jù ni pé láyé ECOWAS, irú owó bẹ́ẹ̀ kò tọ́ sí ohun oko. Ilẹ̀kùn tó ti ṣí gbayawu tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi ẹnìkan jókòó sẹ́nu rẹ̀.

Ju owó orí lọ, ọ̀rọ̀ kí wọ́n má jẹ́ kí ọjà jáde ló kàn wá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Nìjẹ́ẹ̀ ní kí ìrẹsì àti àwọn ohun oúnjẹ oníhóró, ẹ̀wà wà nínú wọn, má ṣe jáde nílẹ̀ òun mọ́ àfi sí Málì àti Bùrkínà Fasò. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, tí Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, wọ́n tún ní kí màlúù, àgùntàn, ewúrẹ́ àti ràkúnmí má ṣe jáde. Àwa Nàìjíríà la ń gbin ẹ̀wà jù láyé, Nìjẹ́ẹ̀ ló tẹ̀ lé wa, àwa la sì ń ra èyí tó pọ̀ nínú tiwọn, nítorí pé ẹnu tó ń jẹ mọ́ín-mọ́ín àti àkàrà ní Nàìjíríà pọ̀ ju èyí tí oko wa ń bọ́ lọ. Bí wọ́n bá ti dá a dúró lọ́hùn-ún, Kánò ni yóò kọ́kọ́ gbóná, lẹ́yìn náà Ìlọrin, lẹ́yìn náà Ọ̀fà, lẹ́yìn náà àtẹ wa. Kò sí ẹni tó máa wá sọ fún wa. Oníbàárà wa ló máa bínú sí wa pé a gbówó lórí.

A ò dá wọn lẹ́bi o. Ìjọba tó bá fẹ́ kí àwọn ará ìlú rẹ̀ jẹun yó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà náà ṣe irú rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, nígbà tó ní kí wọ́n má ṣe kó èso òrí tútù jáde fún oṣù mẹ́fà, kí a lè máa fún òrí náà níhìn-ín. Ohun tí à ń sọ ni pé láyé ìsinsìnyí, òfin òwò ń yí padà lójijì, ẹni tí kò bá gbọ́ ni yóò fi owó rẹ̀ kọ́gbọ́n.

OHUN TÍ ÀWỌN KÁŃSÙ ÌLÚ ỌBA ṢE

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Ọba ti rí irú èyí rí. Wọ́n dìbò ní ọdún 2016 pé kí ìlú náà jáde kúrò nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù. Wọ́n jáde ní ọjọ́ 31, oṣù kìíní, ọdún 2020, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ṣì wà bó ṣe wà títí ọdún náà fi parí. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ wò níbẹ̀ kì í ṣe ìjà àwọn olóṣèlú. Iṣẹ́ àwọn káńsù ni.

Ní oṣù kìíní ọdún 2019, kí wọ́n tó jáde rárá, ìjọba ibẹ̀ ya mílíọ̀nù 56.5 owó pọ́n-ùn sọ́tọ̀ fún àwọn káńsù láti fi múra. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n ní kí káńsù kọ̀ọ̀kan ní England yan òṣìṣẹ́ kan tí ọ̀rọ̀ ìjáde yìí yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ará ìlú lè mọ ẹni tí wọn yóò bi. Ní Kent, níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń sọdá sí Faransé, wọ́n ṣètò ibi tí àwọn tírélà yóò tò sí lójú ọ̀nà M20, kí àwọn ará àdúgbò lè ríbi gbà. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera káńsù múra láti máa fọwọ́ sí ìwé fún ẹja, nítorí pé ẹja tó ń lọ sí Yúróòpù láìníwèé tẹ́lẹ̀, ìwé ni yóò máa gbà lẹ́yìn ìjáde. Wọ́n sì ń ran àwọn àlejò tó ń gbé láàárín wọn lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ọjọ́ 30, oṣù kẹfà, ọdún 2021 tó kọjá. Àwọn ọmọ tí kò lóbìí tó wà lábẹ́ ìtọ́jú káńsù, káńsù fúnra rẹ̀ ló ní láti bá wọn ṣe é.

Gbogbo ìmúra yìí kò ní kí wàhálà má wà. Ọkọ̀ tò, ẹja bàjẹ́, àwọn kan kò rí ìwé gbà lásìkò. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú káńsù tí ènìyàn lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ fi wé ti ọdún 1969.

OHUN TÓ WÀ LỌ́WỌ́ KÁŃSÙ TIWA

Ilémọ̀nà ni olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀yun. Káńsù kò lè ṣí bódà, kò sì lè ti bódà. Ti Àbújá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka iṣẹ́ tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, ó sì dárúkọ mẹ́ta níbẹ̀ tó jẹ́ tiwa gan-an: ọjà, ibùdókọ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran. Ẹ ò rí i báyìí? Ibi mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ Nìjẹ́ẹ̀ máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí, ọwọ́ káńsù ló wà. Ọjà tí ẹ̀wà ń wọ̀, ibùdókọ̀ tí àlùbọ́sà ti ń sọ̀, ibi ìpẹran tí màlúù ń dé sí.

Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2024, a dìbò yan alága àti kánsẹ́lọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ 16 tó wà ní Kwara. Ṣáájú rẹ̀, ní ọjọ́ 11, oṣù keje ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní Àbújá pé owó ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ máa lọ bá ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Nítorí náà, bí a bá lọ bá káńsù, kì í ṣe ọ̀nà tí kì í ṣe tiwọn ni a ní kí wọ́n tọ̀. Ohun tí a rò pé ó tọ́ kí ẹgbẹ́ wa gbé lọ bá wọn nìyí, kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kà á kí wọ́n sì fi tiwọn kún un nígbà ìpàdé:

1. Kí káńsù yan òṣìṣẹ́ kan, ẹnì kan péré, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbọ́ ìròyìn òwò àti bódà, kí ó sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ní ọjà ní èdè Yorùbá àti Hausa. Ọjọ́ tí Nìjẹ́ẹ̀ bá ní ẹran kò jáde mọ́, kí a mọ̀ lọ́sẹ̀ náà. Kò gba owó púpọ̀. Bébà àti gọ́ọ̀mù ni.

2. Kí wọ́n kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tó ní afẹ́fẹ́ sí ọjà, èyí tí a ó máa san owó díẹ̀ lé lórí. Ẹ̀wà tí a bá rà lásìkò ìkórè lè dúró pẹ́ láìlo oògùn apakòkòrò bí a bá kó o sínú àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, tí a sì so ó dáadáa. Kòkòrò inú rẹ̀ kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, yóò kú. Ẹni tó bá ní ẹ̀wà nílẹ̀ kò ní sáré rà á ní iye tí ẹlẹ́rù bá pè.

3. Kí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tó kó oúnjẹ wá má ju ẹyọ kan lọ, kí ó sì ní rìsíìtì. Bí owó bá ń pọ̀ sí i ní bódà, kí a má tún fi ti ilé kún un. Àwọn tó ń jẹ ẹ́ níkẹyìn ni àwa àti ọmọ wa.

4. Kí òṣìṣẹ́ ìlera ẹran máa wà ní ibi ìpẹran lójoojúmọ́ tí wọ́n bá ń pa ẹran. Bí ọ̀nà tó tọ́ bá tì, ọ̀nà ẹ̀yìn ni ẹran yóò máa gbà wá, ẹran tó bá sì gba ọ̀nà ẹ̀yìn, kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò.

5. Èyí tó kẹ́yìn ló ká wa lára jù. Àwọn Hausa àti Zarma tó ti Nìjẹ́ẹ̀ wá wà láàárín wa. Wọ́n ń ta àlùbọ́sà, wọ́n ń ta sùyà, wọ́n ń bá wa ru ẹrù, àwọn kan ti bímọ síbí. Kí káńsù forúkọ wọn sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń gbé àti ẹni tó mọ̀ wọ́n, kí ó má baà di pé lọ́jọ́ kan ẹnìkan yóò dìde ní ọ̀sẹ̀ méjì ni òun fún wọn. Ohun tí wọ́n ṣe fún àwọn ìyá wa ní Kúmásí àti Támálè, tó dùn wọ́n títí wọ́n fi kú, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ti ọwọ́ wa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ tiwa náà ṣì wà ní Niamey, Ouagadougou àti Bamako. Bí a bá ṣe ń ṣe sí tiwọn ni wọn yóò ṣe sí tiwa.

APÁ TIWA

Ká má ti gbogbo ẹrù sórí káńsù. Àwọn ohun kan wà tó jẹ́ pé ọwọ́ wa ló wà. Ẹni tó ń rà láti òkè ọya, kí ó má ní oníbàárà kan ṣoṣo. Bí àlùbọ́sà Nìjẹ́ẹ̀ bá dúró, ti Sokoto, Kebbi àti Kánò wà, ṣùgbọ́n ẹni tí o kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní ta àwìn fún ọ lọ́jọ́ tí ọjà wọ́n. Ká má fi owó ránṣẹ́ tán kí ẹrù tó dé Jẹ́bà. Ká kọ gbèsè sílẹ̀, iye, ọjọ́, àti orúkọ, kí ẹlẹ́rìí sì wà. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ìdálẹ̀, kí ó gba lẹ́tà ọmọ onílùú ní káńsù, kí ó ṣe NIN, kí ó gba páṣípọ́ọ̀tù. Òfin tó jẹ́ kí a wọlé láìgba físà kò sọ pé kí a wọlé láìníwèé.

Ká sì rántí oko wa. Ànàmọ́, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti iṣu tó ń jáde ní Ọ̀yun àti Ọ̀fà, òkè ọya ń rà á. Ọjọ́ tí ọ̀nà ẹ̀wà bá há, ọ̀nà gàrí lè là. Ọlọ́jà tó ní méjì, kì í sun ebi nítorí ọ̀kan.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kí a di ẹgbẹ́ yìí mú. Àwọn ìyá tó ti Gánà dé ní ọdún 1969, ohun tó gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn dìde padà ni èésú. Wọ́n dá a láàárín ara wọn, ẹnìkan gbà, ó fi ra àtẹ, ẹlòmíràn gbà, ó fi gba ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ìjọba níbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Bí a bá ń fi owó àjẹṣẹ́kù wa síbi tó yẹ lóṣooṣù, tí a kò sì ń yá a ní àyájẹ, ọjọ́ tí ilẹ̀kùn kan bá tì, a ó rí ohun tí a ó fi kan òmíràn.

Kí Ọlọ́run Ọba má jẹ́ kí ọjà tú mọ́ wa lórí. Kí àwọn olórí tó wà ní Àbújá àti Niamey rí ọ̀rọ̀ bá ara wọn sọ, kí bódà ṣí, kí ẹrù dé láyọ̀, kí owó wọlé. Ẹ kú ọdún, ọdún á yabo. Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.